Fídíò ní kí ìyá mi pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì: ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aláró, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun (alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, mo sì mọ̀ pé mi ò lè dá a gbé.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Aró ni wọ́n ń pa tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, aṣọ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tà ní Ọjà-Ọba. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi ni mo sì ń fún wọn lówó rẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń wá ìborùn kan nínú àpótí wọn, ni ọwọ́ mi bá kan ọ̀rá dúdú lábẹ́ ìró òkè. Mo tú u. Oògùn wọn ni. Káàdì márùn-ún. Mẹ́rin wà bí wọ́n ṣe rà á, fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ẹyọ mẹ́ta péré ni wọ́n sì ti lò nínú ìkarùn-ún. Mo dà á sórí ẹní, mo kà á: hóró 47.

Nígbà tí mo bi wọ́n, wọn ò jiyàn. Wọ́n mú fóònù, wọ́n fi fídíò kan hàn mí. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun, ó fi ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín jẹ́, pé àwọn dókítà mọ̀, wọn ò fẹ́ sọ ni. Ó ní kéèyàn lọ aáyù, ata ilẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ oyin, kó máa mu ún fún ọjọ́ 21, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, kò sì ní gòkè mọ́ láéláé. Àwọn tó ti wò ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lọ. Ìyá mi ní, "Ṣé gbogbo èèyàn yìí ni wọ́n ń tàn jẹ ni?"

Mo gbé ẹ̀rọ, mo wọn BP wọn, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí. 182/106 ló gbé. Wọ́n ní kò sí ibi tó ń dùn wọ́n.

Mi ò fẹ́ bá ìyá mi jà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kú ní àìtọ́jọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kojú irú èyí rí, kí lẹ ṣe? Báwo lèèyàn sì ṣe ń mọ fídíò ìlera tó ṣeé gbà gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń pààyàn?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà (alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

Ọmọ Aláró, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò lè dúró. 182/106 kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí orí bá ń fọ́ wọn burúkú, tí ojú wọn ń ṣú, tí àyà ń dùn wọ́n, tí èémí kò já gaara, tí ẹnu wọn wọ́, tàbí tí apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ yìí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, ẹ gbé wọn lọ láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn dání. Ẹ má fún wọn ní ìlọ́po méjì láti fi dí èyí tí wọn kò lò.

Ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó sùn. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wọn wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, láìsí aṣọ lábẹ́ ìgbànú ẹ̀rọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rọ á fi parí.

Ní ti kíndìnrín, ọkùnrin yẹn dorí ọ̀rọ̀ kodò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára gbá wọn lójoojúmọ́, wọ́n á máa le, wọ́n á máa dí. Irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril wà tí a tún fi ń dáàbò bo kíndìnrín alátọ̀gbẹ. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí a lè mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Òótọ́ kékeré yẹn ni wọ́n fi di irọ́ ńlá, òun ló sì jẹ́ kó wọni létí.

Àti pé "kò sí ibi tó ń dùn mí" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ọmọ Aláró (alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Mo ti tún un wọ̀n bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é: 176/102. Orí ò fọ́ wọn, ojú wọn mọ́ kedere. A ó lọ láàárọ̀ bí wọ́n bá gbà fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn (àárọ̀ ọjọ́ Ajé)

Ẹ káàárọ̀ o. Òṣogbo níbí ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ọdún kẹrin nìyí. Ọmọ Aláró fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná, mo wò ó dé òpin.

Ìbéèrè tí Ìyá béèrè, pé ṣé gbogbo èèyàn yẹn ni wọ́n ń tàn jẹ, ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ ti mú fídíò YouTube lórí oríṣiríṣi àìsàn, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n wá fi máàkì yẹn wé iye ẹni tó wò ó. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń rí i pé méjèèjì kò bára rìn. Èyí tí èrò wò jù kọ́ ló péye jù, ìgbà mìíràn sì wà tí èyí tí kò péye ló ń gba iwájú. YouTube ń wo bí ẹ ṣe pẹ́ tó nídìí fídíò, kò lè wo bóyá ara yín yá lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni DISCERN. Àwọn onímọ̀ ní Oxford ló ṣe é ní àwọn ọdún 1990 fún ìwé tí wọ́n ń kọ fún aláìsàn, àwọn mìíràn wá gbé e lọ sórí fídíò. Ìbéèrè 16 ló wà nínú rẹ̀, a sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5. Mo mú díẹ̀ nínú rẹ̀ dán fídíò yìí wò. Ṣé ó sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Rárá. Ṣé ó sọ ewu tó wà nínú ohun tó ní ká lò? Rárá. Ṣé ó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí èèyàn kò bá tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rárá? Kò dárúkọ rọpárọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ó sọ pé ọ̀nà ìtọ́jú ju ẹyọ kan lọ? Tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ṣé ó ní kí aláìsàn bá dókítà àti ará ilé rẹ̀ jíròrò kó tó pinnu? Ó ní kí wọ́n sá fún dókítà.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan o: òṣùwọ̀n yìí ń wo bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni, kò lè sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́. Ẹni tó mọ irọ́ pa lè gba máàkì tó dára. Fún ìyẹn, ẹ máa wá ọ̀rọ̀ kan náà níbòmíràn: ní ojú ìwé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tàbí ti ilé ìwòsàn ńlá. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lágbàáyé ló mọ̀ ọ́n, ẹ fura.

Ayàwòrán Ọláìyá (ọ̀sán ọjọ́ Ajé)

Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe, nítòsí Ọláìyá. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oníṣòwò kan gbé iṣẹ́ wá fún mi, fídíò márùn-ún lórí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń tà. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dókítà nínú rẹ̀, òṣèré ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra ẹ̀wù funfun yẹn lọ́jà. Ojú ibi tí wọ́n ká a sí ṣì hàn ní èjìká rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a fi ọwọ́ tútù nù ún kó tó na. A kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ sára páálí ńlá, ọmọ iṣẹ́ mi gbé e dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Àwọn tó ń kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé "mo lò ó, mo gbádùn", oníṣòwò náà ló fún àwọn ọ̀dọ́ kan lówó láti kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo rí obìnrin kan tó béèrè níbẹ̀ pé oyún òun ti pé oṣù márùn-ún, ṣé òun lè lò ó. Wọ́n dá a lóhùn pé kò séwu. Oorun dá lójú mi lóru ọjọ́ yẹn. Mo dá owó tó kù padà, mi ò sì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí fídíò yẹn bá ṣe ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń hun ún, kí ẹ lè dá a mọ̀. Ẹ̀rù ló ń kọ́kọ́ wọlé: "ohun tí ẹ ń jẹ láràárọ̀ ló ń pa yín". Ìtàn ẹnì kan tó kù díẹ̀ kó kú ló tẹ̀ lé e. A kì í tètè dárúkọ oògùn, torí a fẹ́ kí ẹ pẹ́ nídìí rẹ̀. Nọ́ńbà WhatsApp ló ń kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà tí ẹ máa fi san owó, ẹ mọ̀ pé ọjà ni wọ́n pè yín sí. Bí wọ́n bá sì ní "ẹ tètè pín in kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò", ẹ pa á. Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fi ń gba ìrònú lọ́wọ́ èèyàn.

Èyí tó wá burú jù báyìí ni pé wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ojú àti ohùn oníṣègùn tí gbogbo ayé mọ̀, tàbí ti oníròyìn tẹlifíṣọ̀n, bí ẹni pé òun ló ń polówó oògùn. Ẹ wo ètè rẹ̀ bóyá ó bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹ fetí sí àmì ohùn Yorùbá rẹ̀, ó máa ń ṣì í. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún un ṣe, nítorí náà ẹ má gbára lé ojú àti etí nìkan. Ẹ lọ sí ojú ìwé ẹni náà gan-an, kí ẹ wò ó bóyá fídíò yẹn wà níbẹ̀.

Káfíńtà Ìgbọ̀nà (ọ̀sán ọjọ́ Ajé)

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin elétò ìlera náà, ẹ gbọ́ tiwa. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo débẹ̀, ó ti lé ní aago kan ọ̀sán kí n tó rí dókítà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló lò pẹ̀lú mi, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń kọ̀wé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo jáde, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Fídíò ń kí mi, ó ń fi Yorùbá tó já gaara bá mi sọ̀rọ̀, ó ń pa òwe. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà (ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé)

Káfíńtà, ẹ ò parọ́, ọ̀rọ̀ yín sì dùn mí. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ò tó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wo ẹ̀yìn yín sàn. Ohun tí mo lè sọ nìyí: ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ ti kọ ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ láti ilé, èyí tó ká yín lára jù ni kó ṣíwájú. Ẹ ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá." Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ ní kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì kan wá. Bí ẹ bá sì ti wo fídíò kan, ẹ má fi í pamọ́ fún wa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níwájú wa, ẹ ní, "Ohun tí mo gbọ́ rèé, ṣé ó bá tèmi mu?" Inú mi máa ń dùn sí aláìsàn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó dákẹ́ tó lọ ń kó oògùn pamọ́ sílé.

Oníkẹ́míìsì Alékúwodò (ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀wù funfun kì í ṣe ìwé àṣẹ. MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, ló ń fún dókítà ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un gbà. Ẹni tó bá ń fi fídíò tọ́jú èèyàn kó sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò náà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín: nínú oògùn ìbílẹ̀ tó ní nọ́ńbà, púpọ̀ ló ní àkọlé kékeré lára rẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò sàn wò. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹ wá a.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan tí kì í ṣe irọ́ rárá, síbẹ̀ tó kù díẹ̀ kó pààyàn. Bàbá awakọ̀ kan wọlé tọ̀ mí wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ti wọn ṣúgà ara wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ẹ̀rọ gbé 11.3. Wọ́n sì ti wo fídíò dókítà kan láti Amẹ́ríkà, dókítà gidi, tó ṣàlàyé dáadáa pé bí ṣúgà ẹni tí kò tíì jẹun bá dé 126, àtọ̀gbẹ ni. Bàbá ní, "Mọ́kànlá péré ni tèmi! Mo ṣì jìnnà sí i." Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn dín oògùn kù.

Ẹ̀rọ bàbá ń ka ṣúgà ní òṣùwọ̀n mmol/L, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa. Ti Amẹ́ríkà ń ka mg/dL. Ẹ máa sọ ti wa di ìlọ́po 18 kó tó di tiwọn. Mo yọ bírò, mo ṣe ìṣirò náà sẹ́yìn páálí oògùn wọn: 11.3 lọ́nà 18, ó lé díẹ̀ ní 203. Mo tún fi hàn wọ́n pé 126 tí dókítà yẹn ń sọ, 7.0 ni lórí ẹ̀rọ tiwọn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń wo páálí náà, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo darí wọn sí kílíníìkì.

Fídíò náà péye. Èèyàn tí wọ́n ṣe é fún ni kì í ṣe bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá wo fídíò tó ní nọ́ńbà nínú, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà kí ẹ tó fi wé tiyín.

Ọmọ Eléwé Ọmọ, Ọjà-Ọba (alẹ́ ọjọ́ Ajé)

Ẹ má bínú, mo fẹ́ gbèjà ewé díẹ̀. Ìsọ̀ ìyá mi ni mo dàgbà sí, láàárín efinrin àti egbò igi. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn pé ẹ fẹ́ ra àgbo, ìbéèrè ni wọ́n á kọ́kọ́ bi yín. Ta ló fẹ́ mu ún? Ọmọdé ni àbí àgbà? Ṣé oyún wà níbẹ̀? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ti lò kó tó wá? Ojú mi ni wọ́n ṣe dá owó padà fún ẹnì kan, tí wọ́n ní, "Èyí ti kọjá ewé, ẹ gbé e lọ ọsibítù kíákíá." Ọmọ tó ní gìrì ni.

Fídíò ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àgbo kan náà ló ń pò fún gbogbo ayé, kò rí ojú ẹni tó ń mu ún. Ìyá mi ní ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eléwé, a kì í sì í fi orúkọ iṣẹ́ wa pè é.

Oníkẹ́míìsì Alékúwodò (alẹ́ ọjọ́ Ajé)

Ẹ bá mi kí Ìyá, ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa níléèwé. Mo fẹ́ fi kún un pé ewé lágbára, torí ó lágbára ló ṣe lè bá oògùn jà. Aáyù tó bá pọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa tètè dà. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí aspirin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé òun ń mu ún.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀ (àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Kì í ṣe gbogbo fídíò ló burú o. Fídíò ló ràn mí lọ́wọ́ lóru ọjọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ìbejì mi. Òjò ń rọ̀, kò sí ọkọ̀. Fídíò nọ́ọ̀sì kan tó ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà ni mo rí: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ó bu ṣúgà, ó wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kúrò títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ká ní ìwé ni mo ti kà á, gègèrè ni ǹ bá bù ú, mi ò ní mọ̀. Fídíò dára fún irú nǹkan báyìí, ohun tí ọwọ́ ń ṣe tí ojú gbọ́dọ̀ rí.

Ohun tí fídíò náà kò sọ, ọkọ mi ló rántí ẹ̀: omi inú ọ̀rá tí à ń rà, 50cl ni. Ọ̀rá méjì ló di lítà kan. Ká ní mo lo ẹyọ kan, iyọ̀ ì bá pọ̀ jù fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà (àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì. Bí kẹ́míìsì bá wà nítòsí, ORS, ìyẹn èròjà omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ̀rá, ló dára jù, pẹ̀lú zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò jí dáadáa, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ máa fún un bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Bàbá Olùkọ́, Ayétòrò (ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ọmọ Aláró, ọmọ mi, má gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, má sì jẹ́ kí wọ́n rò pé o ń fojú òpè wò wọ́n.

Mo rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó. Ìdájí ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, ẹ̀rù ti gba ohùn rẹ̀: "Bùọ̀dá, ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́." Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Síbẹ̀ mo dìde, mo bu iyọ̀ sínú garawa, ìyàwó mi ló di ọwọ́ mi mú. Ìròyìn jáde lẹ́yìn náà pé àwọn kan kú, tí àwọn mìíràn sì dèrò ọsibítù nítorí iyọ̀ tí wọ́n mu. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù ni.

Nítorí náà, jókòó ti ìyá rẹ. Kí ẹ jọ wo fídíò náà látìbẹ̀rẹ̀. Má dá wọn lẹ́kun, má ṣàlàyé nǹkan kan. Nígbà tó bá parí, bi wọ́n léèrè: "Mọ̀ọ́mì, kí ló wà níbẹ̀ tó bá yín lára mu?" Kí o sì dákẹ́.

Ọmọ Aláró (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Bí ìyá mi ṣe ń yá ni mo ń wò.

Wọn ò gbà láti lọ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣe ohun tí Bàbá Olùkọ́ ní kí n ṣe. A jọ wo fídíò náà. Nígbà tó parí, mo béèrè, mo sì dákẹ́. Ó pẹ́. Ìyá mi wá fa ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ara wọn. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò tètè kún padà. Wọ́n ní ó ti ń wú láti bí oṣù mẹ́rin, láti ìgbà tí wọ́n ti fi oògùn kan kún tàtijọ́. Bàtà tí mo rà fún wọn nígbà ọdún Iléyá kò wọ̀ wọ́n mọ́, mo sì rò pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Wọ́n ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní kílíníìkì, ẹni tó wà níbẹ̀ ti pe orúkọ ẹlòmíràn. Nígbà tí ọkùnrin inú fídíò wá ní oògùn ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì dárúkọ ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n ní, "Òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe mí."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mo ń bá wọn gbélé, mi ò wo ẹsẹ̀ wọn.

Ọjọ́rú la lọ. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sínú ìwé bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, ẹsẹ̀ ló ṣíwájú. Dókítà gbọ́ Yorùbá, ó sì fara balẹ̀. Ó ní amlodipine tí wọ́n fi kún un máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn kan wú, pé òun lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú kíndìnrín. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ Ìyá. Èsì ti jáde: kíndìnrín wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Dókítà fi ìwé èsì náà han ìyá mi fúnra wọn, ó ń fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àná, 148/88. Wíwú ẹsẹ̀ wọn ti ń lọ sílẹ̀. Ìyá mi ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi dókítà lóṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀. Ó ti di márùn-ún. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ní kí n bá wọn gbé síwájú Nọ́ọ̀sì lónìí, torí wọn ò lè dúró: ṣé àwọn ṣì lè máa fi aáyù àti ata ilẹ̀ sínú ọbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà (ọjọ́ kan náà)

Ẹ bá mi kí wọn o, inú mi dùn. Bí èèyàn ṣe ń fi sínú ọbẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kò séwu. Iyọ̀ àti kúùbù ni kí wọ́n dín kù nínú ọbẹ̀ náà: gbogbo iyọ̀ tí wọ́n á jẹ lójúmọ́, ti inú ọbẹ̀, ti búrẹ́dì, ti kúùbù, kó má kọjá ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, bíi ti Ìyá Ìbejì.